Okùn Bàtà Tí Ìyá Má-mira Ń So

Bí ẹ bá dé ọsibítù wa tí ẹ ń béèrè obìnrin náà lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹ ó béèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Má-mira ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, látorí dókítà àgbà títí dé orí àwọn tó ń gbálẹ̀. Òun ló ń ya fọ́tò egungun, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́síréè, nínú yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí igbá àyà, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ lè yà á. Ṣùgbọ́n láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, tirẹ̀ ni, kì í sì í fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dùbúlẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀, kó tó kọjá sẹ́yìn ògiri onídígí lọ tẹ bọ́tìnì: "Ẹ má mira." Bí ìyá ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ń dirí fún ló ṣe ń sọ ọ́, kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sì sí àyè àríyànjiyàn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò ní mọ́tò, n kò ní kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn láti yàrá kan sí òmíràn ni mò ń tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti ti olówó rí, mo ti ti dókítà fúnra rẹ̀ rí, kò sì sí èyí tó sọ fún mi pé mò ń sáré jù. Ìyá Má-mira nìkan ló máa ń bá mi jà. Bí táyà mi bá fi lè kọ lu ìloro yàrá rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á ní, "Dírẹ́bà, ṣé iṣu lo kó wá fún mi ni?"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ bọ́tìnì ni iṣẹ́ fọ́tò egungun. Irọ́ ni. Iṣẹ́ títò ni. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ṣubú síta fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sì ya orúnkún bẹ́ẹ̀, egungun kan á bo èkejì mọ́lẹ̀. Ìyá Má-mira á kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ó ní kò yẹ kí ìrora àti òtútù jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Á wá di ẹsẹ̀ náà mú, á máa yí i sínú díẹ̀díẹ̀ títí egungun róbótó iwájú orúnkún á fi kọjú sí àjà gan-an, á sì fi àpò iyanrìn kékeré tì í kó má baà padà. Bó bá jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, á yí i títí kókó méjèèjì á fi dọ́gba. Bó bá jẹ́ ìbàdí, á ní kí ẹni náà jẹ́ kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kíra wọn, wọn kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tó ń sunkún wọlé á rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín.

Irú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kì í yí. Bí egungun bá ti dá, tàbí tó bá ń fura pé ó fẹ́ dá, bó ṣe bá ẹsẹ̀ náà ni yóò ṣe yà á. Ó ní ibi tí ara bá gbé ìrora rẹ̀ pamọ́ sí, a kì í fipá yọ ọ́ níbẹ̀. Kì í sì í ya ẹyọ fọ́tò kan kó ní ó tó. Ó gbọ́dọ̀ ya iwájú, kó sì ya ẹ̀gbẹ́, torí pé egungun lè purọ́ níwájú, àmọ́ kò mọ irọ́ pa níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́, ojú ló wà. Òun ló ń kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú ara ènìyàn, òfin sì ni pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́, dókítà ni yóò sọ. Ẹni tó dùbúlẹ̀ mọ̀ pé ó ti rí i. Bó bá ti jáde lẹ́yìn dígí, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹjú mọ́. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti Ìyá Má-mira, ẹ lè wá a títí, ẹ kò ní bá ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Egungun tí kò ní àbùkù tàbí egungun tí àrùn ti sọ di ilé, ohùn kan náà ló fi ń sọ pé, "Ó ti parí o. Dókítà á bá yín sọ̀rọ̀." Mo ti gbọ́ tí àwọn kan pè é ní ọlọ́kàn líle. Mo sì bá wọn jà nítorí rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń rán bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó dojú kọ géètì ọsibítù. Bàbá Aránbàtà la ń pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ní ẹ̀fẹ̀, ó sì ní sùúrù. Ẹ̀fẹ̀ wa lórí wọn ni pé ìyàwó ń to ẹsẹ̀, ọkọ ń rán bàtà, àwọn méjèèjì ti pín ẹsẹ̀ aráyé láàárín ara wọn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó sì ti relé ọkọ nílùú tó jìnnà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Bàbá á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á wá jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa títí ìyàwó rẹ̀ á fi ṣíwọ́. Bí mi ò bá ní ẹni tí mò ń tì, èmi náà á lọ jókòó tì í, a ó sì máa ṣe àríwísí bàtà àwọn tó ń kọjá. Kò sí bàtà tó kéré jù láti gba ìdájọ́.

Ibẹ̀ la wà lọ́jọ́ kan tí tíṣà obìnrin kan jáde láti yàrá fọ́tò, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Orúnkún ló ń dùn ún, kò sì dà bí ohun ńlá lójú rẹ̀. Bàbá Aránbàtà wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì kú. Mo béèrè ohun tó ṣe bàtà náà. Ó ní kò sí ohun tó ṣe bàtà, okùn rẹ̀ lòun ń wò, ìyàwó òun ló so ó. Ó ṣàlàyé fún mi: ó so okùn náà ní kókó, ó tún kókó náà so, ó wá ki ṣónṣó rẹ̀ bọ inú bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà gbé ẹni náà ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń so gbogbo nǹkan nílé, títí kan ọ̀rá iyọ̀. Mo ní kí ló wá burú níbẹ̀? Ó ní kí n kàn máa wò ó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, ó sì wù mí kí n má wò ó rárá. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá dára, Ìyá Má-mira á nawọ́ sí ilẹ̀, á ní, "Bàtà yín rèé," ẹni náà á sì wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá burú, ìyẹn èyí tó burú gan-an, tó kọjá ohun tí wọ́n ń fi báńdéèjì dì, ìyá náà á kúnlẹ̀, á ki bàtà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, á sì so okùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ sálúbàtà, á nu àtẹ́lẹsẹ̀ onítọ̀hún kó tó kì í bọ̀ ọ́. Tíṣà obìnrin yẹn padà wá. Èmi ni mo tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ kan ló sì fi jáde níbẹ̀.

Mo ní kí n lọ sọ fún Ìyá. Ọkọ rẹ̀ dì mí lápá mú. Ó ní ìyàwó òun kò mọ̀ pé ó ń ṣe é, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá tì mọ́lé tí kò jẹ́ kó gba ojú jáde, á wá ọ̀nà mìíràn gbà, tirẹ̀ ti gba ọwọ́. Bí a bá wá lọ tì í níbẹ̀ náà, inú ni yóò gbà, inú ni yóò sì ti pa á. Mo gbà fún un. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ti jáde tí okùn bàtà rẹ̀ ní kókó méjì, èmi àti Bàbá kì í wo ara wa lójú.

Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá Má-mira ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé aránbàtà a máa gbé bàtà lé itan kó tó fi òòlù lù ú. Itan ọ̀tún ni Bàbá ń lò láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó rí i tó gbé bàtà lé itan òsì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣìṣe nítorí pé kò mọ́ ọn lára. Lálẹ́, ó rí i pé orúnkún ọ̀tún náà kì í fẹ́ nà tán lórí ibùsùn, ó sì fi ìrọ̀rí tì í lábẹ́ bó ṣe ń ṣe fún àwọn aláìsàn. Bàbá jí, ó bá ìrọ̀rí lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ní ṣé òun ti di oníbàárà rẹ̀ ni?

Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá ya fọ́tò. Bàbá ní òòlù ló fà á, ìpara ni yóò wò ó sàn. Ó ra ìpara kan, ó tún ra òmíràn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá ń ta sánsán bíi ti olóògùn. Ìyá ní ètè ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, olójú kì í sì í lajú sílẹ̀ kí tálúbọ́ kó wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rò pé èmi àti Bàbá fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń sá fún. Ẹni tó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn tó bẹ́ẹ̀, kò lè fi ìrọ̀rùn wọ inú yàrá náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà rẹ̀ kan sáré wá pè mí, mo sì ti bẹ́ẹ̀dì mi kọjá títì lọ gbé e. Ó ń làágùn, síbẹ̀ ẹ̀fẹ̀ ò tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Dírẹ́bà, lónìí ni mo wọ mọ́tò rẹ. Rọra o, mi ò tíì kọ ìwé ìhágún." Mi ò rí ẹ̀rín rín. Mo kàn ń tì í, mo sì ń sá fún gbogbo kòtò.

Ẹnìkejì Ìyá níbi iṣẹ́ ti jáde sí wa. Ó ní kí òun bá wọn yà á, ènìyàn kì í ya fọ́tò ẹni tirẹ̀. Bàbá ní rárá, ẹlòmíràn kò ní to ẹsẹ̀ òun nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tò jẹ́ ìyàwó òun. Ìyá náà ní òun ni yóò ṣe é. Bí mo ṣe fẹ́ tì í wọlé, Bàbá di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá ọmọ," ó ní, "ohunkóhun tó o bá rí níbẹ̀, ìwọ ni kó o sọ ọ́ fún mi. Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ."

Ìyá ní, "Dókítà ló ń sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Kì í ṣe dókítà ni mo gbé níyàwó. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá ọmọ. Màá sọ ọ́."

A bọ́ bàtà rẹ̀, bàtà awọ olókùn tó rán fúnra rẹ̀, a bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, a fi aṣọ bò ó. Èmi àti Ìyá la jọ gbé e sórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì gbé ọwọ́ lé itan náà, lókè orúnkún. Bàbá mí kanlẹ̀. Ìyá dúró. Mò ń retí pé kó di ẹsẹ̀ náà mú kó yí i sínú. Kò yí i. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe dà síta, ó kàn fi tìmùtìmù gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní kó má mira, a sì kọjá sẹ́yìn dígí.

Mi ò mọ egungun kà bíi tiwọn, ṣùgbọ́n mo ti rí tó. Egungun tó dára, etí rẹ̀ a máa mọ́ lọ tónítóní bí etí abọ́. Ti Bàbá Aránbàtà, apá ìsàlẹ̀ itan rẹ̀ ti rí bí igi tí ikán ti jẹ. Ìyá Má-mira fa etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi nu ojú ẹ̀rọ náà, ó tún un nu. Eruku kọ́ ni. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ojú tó ti ń fún gbogbo ayé ló fún mi. Ó ní, "Ó ku ẹ̀gbẹ́."

Ẹ gbọ́ mi. Fọ́tò àkọ́kọ́ ti sọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ obìnrin yìí gbọ́dọ̀ padà jáde, kó dúró níwájú ọkọ rẹ̀, kó sì to ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Kò ṣeé yí sí ẹ̀gbẹ́, kó má baà ṣẹ́ lórí tábìlì. Ó ní kí n wọ aṣọ òjé, aṣọ wúwo tí kì í jẹ́ kí iná ẹ̀rọ náà wọ ara, kí n bá òun gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, kí ọ̀nà lè là fún ẹ̀rọ láti wo ọ̀tún láti ẹ̀gbẹ́. Mo gbé e. Ìyá tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń fi ìka wọ̀n ọ́n, ó sún tìmùtìmù síwájú, ó sún un sẹ́yìn. Bàbá ń wo ojú rẹ̀. Bí Ìyá ti kọjá sẹ́yìn dígí, Bàbá yíjú sí mi.

"Dírẹ́bà, kí lẹ rí?"

Mo ní, "Bàbá, ta ló kọ́ mi ní egungun?"

Ohùn Ìyá dé láti ẹ̀yìn dígí. "Ẹ má mira." Lẹ́yìn náà ni ó tún un sọ: "Ẹ má mira." Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹyọ fọ́tò kan fún ẹnì kankan rí, Bàbá kò sì mira.

Nígbà tó parí, a wọ ṣòkòtò fún un, a gbé e jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí pátákó ìsàlẹ̀. Ìyá dúró níwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó lanu, ó pa á dé. Ó tún lanu, ó ní oòrùn mú lónìí. Ó yíjú sílẹ̀, ó rí bàtà náà, ó sì mú un bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Ó kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ki ọ̀kan bọ ẹsẹ̀ òsì, ó ki èkejì bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá fa okùn.

Mo fẹ́ kígbe pé kó fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé Ìyá, ẹ jẹ́ kí èmi so ó. Ó so ó ní kókó. Ó tún kókó náà so. Ó ki ṣónṣó okùn bọ inú bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Bàbá Aránbàtà wo kókó náà. Ó wò ó bó ṣe máa ń wo bàtà tí wọ́n bá gbé wá fún un, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ṣeé tún ṣe. Ó gbé ọwọ́ lé orí ìyàwó rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Ìyá ọmọ, o ṣeun. O ti sọ ọ́."

Ìyá gbójú sókè. "Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"O ti sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ ló máa ń sọ ọ́. Ọjọ́ ti pẹ́."

Ìyá kò lóye. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó wá wo kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so, ó sì wò ó pẹ́. Ojú tó ti tì pa láti ọdún gbọ́nhan-ọ́nhan ṣí lọ́jọ́ náà, ẹkún tó ti ibẹ̀ jáde, Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Bàbá ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹni tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ ló ń rẹ ẹlẹ́kún.

Àwọn dókítà sọ tiwọn lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tí Bàbá ti mọ̀. Àrùn náà kò mọ sí ẹsẹ̀ mọ́, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Bàbá ní bí wọn yóò bá gé ẹsẹ̀ náà tí kò ní gba òun là, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ẹsẹ̀ méjèèjì lọ. Ọmọ wọn obìnrin dé, ó sì dúró tì wọ́n títí dé òpin. Mo máa ń yà kí i. Àwọn bàtà tó wà nílẹ̀ ló máa ń béèrè: ṣé nọ́ọ̀sì ti wá mú tirẹ̀, ta ni yóò bá òun parí gìgísẹ̀ ti ọlọ́pàá? Kò pẹ́ náà ló kú, ní òwúrọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Ìyá Má-mira ní kí n wá bá òun palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mò ń di òòlù àti abẹ́rẹ́ sínú àpótí nígbà tó yọ bàtà kan láti inú báàgì. Bàtà ọjọ́ náà ni. Kókó méjèèjì ṣì wà lára okùn rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ náà, òun fẹ́ tú u, Bàbá kò gbà. Ọ̀bẹ ló fi la ẹ̀yìn bàtà náà kó tó lè bọ́ ọ. Aránbàtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ba bàtà tó rán jẹ́. Ó ní kò sì wọ nǹkan mìíràn ju sílípáàsì lọ títí tó fi kú.

Ó jókòó sórí àpótí ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Dírẹ́bà, má purọ́ fún mi. Àwọn mélòó ni wọ́n mọ̀?"

Mo ní kò pọ̀. Àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì nìkan ni.

"Tíṣà ńkọ́?"

"Kò mọ̀, Ìyá. Ẹ̀rín ló rín jáde."

"Àmọ́ ẹ̀yin mọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú ẹni tó ni ẹsẹ̀." Ó yí bàtà náà lọ́wọ́. "Mo rò pé mo bò ó fún wọn. Mo rò pé bí mo bá ti pa ojú mi mọ́, wọn á sun oorun alẹ́ kan sí i kí wọ́n tó gbọ́. Ṣé mo ti ń kọ ọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Mo sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún mi, pé bí kò bá gba ọwọ́ jáde, inú ni ì bá gbà, ì bá sì pa á. Ó gbọ́, ó mi orí, omijé ń bọ́ sórí bàtà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Mo rò pé kò ní fọwọ́ kan bàtà ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ṣì í mọ̀. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹni àkọ́kọ́ tí mo tì wọlé fún un jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan, ọkùnrin gìrìpá tó fẹsẹ̀ gbá òkúta. Fọ́tò jáde, kò sí ohun tó ṣe egungun rẹ̀, ara ló kàn wú, èmi pàápàá rí i. Ìyá jáde lẹ́yìn dígí pẹ̀lú ojú rẹ̀ àtijọ́. Mò ń retí "Bàtà yín rèé." Ó fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú, torí pé orúnkún tirẹ̀ náà ti ń darúgbó, ó rọra kúnlẹ̀, ó sì mú bàtà ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà fẹ́ fò sílẹ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Màmá má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọmọ wọn lòun jẹ́, pé ta ló bí òun tí àgbà á fi máa kúnlẹ̀ fún òun. Ìyá so okùn náà ní kókó, ó tún un so, ó ki ṣónṣó rẹ̀ bọ inú. Ẹni tó tẹ̀ lé e, ó so tirẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó so tirẹ̀. Ẹni tó ṣẹ́ ọmọ ìka, ẹni tí ikú ti wà nínú egungun rẹ̀, kókó méjì, kókó méjì. Kò sí ẹni tó lè jókòó sórí bẹ́ńṣì wa mọ́ kó fi bàtà mọ ohun tó wà nínú ẹnì kejì rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ìyá náà nírẹ̀lẹ̀, ikú ọkọ rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Mi ò bá wọn jiyàn. Bí mo bá wà nítòsí, èmi ni mo máa ń fà á dìde nílẹ̀, torí pé kò lè dá dìde mọ́ lẹ́yìn aláìsàn bíi mélòó kan.

Ní ìjẹta, orúnkún tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ìyá to ẹsẹ̀ mi, ó ya iwájú, ó ya ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó jáde, mo wo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó fa okùn bàtà mi. Èmi tí mo mọ gbogbo rẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ náà, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Ẹ sọ fún mi."

Ó so ó, ó tún un so.

"Ẹ má mira," ó ní. "Dókítà á bá yín sọ̀rọ̀."